Ta Ni Ó Ni Ààbò? Ìbéèrè Kan láti Inú Iná Erin-ji

Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ nígbà tí ó bá jẹ́ pé ẹni tí ń sọ ọ́ nìkan ni yóò kú. Ṣùgbọ́n bí ikú náà bá kan ọ̀pọ̀ ènìyàn tí kò sí nínú ìpinnu náà ńkọ́? Bí àlejò kan bá sá wọ ilé wa, tí àwọn tí ń lépa rẹ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú iná lọ́wọ́, tí wọ́n ní kí á fà á lé àwọn lọ́wọ́ tàbí kí á fojú winá, kí ni ó tọ́ kí baálé ilé ṣe? Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ yẹ̀ wò nínú àròkọ yìí. N kò ní í fi àlọ́ gbé e kalẹ̀. Ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ṣẹ̀ ní tòótọ́ ní ìgbèríko kan ní ilẹ̀ Jàpáànì ní ọdún 1582 ni mo fẹ́ lò, nítorí pé nínú rẹ̀ ni ìbéèrè náà ti hàn kedere, láìsí ohun tí ó bò ó lójú.

Kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀. Àárín gbùngbùn Honshū, erékùṣù tí ó tóbi jù lọ ní Jàpáànì, ni agbègbè tí wọ́n ń pè ní Kai nígbà náà wà. Yamanashi ni orúkọ rẹ̀ lóde òní. Àwọn òkè gíga ni ó yí i ká. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí ó wà láàárín wọn sì dà bí ìsàlẹ̀ abọ́. Ní apá ìlà-oòrùn ilẹ̀ pẹrẹsẹ yìí, nítòsí odò Fuefuki, ni ilé ìsìn àwọn ẹlẹ́sìn Búdà kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Erin-ji. Kí olùkà má ṣe rò pé erin inú igbó wa ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Àmì ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n fi ń kọ ‘Erin’ ní èdè wọn: èkíní dúró fún oore tàbí àánú, èkejì dúró fún igbó. ‘Ji’ sì ni ilé ìsìn. Ilé Ìsìn Igbó Oore ni à bá máa pè é. Ní 1330 ni àlùfáà olókìkí kan, Musō Soseki, dá a sílẹ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ìjòyè kan nínú ìdílé Nikaidō tí ilẹ̀ ibẹ̀ wà níkàáwọ́ rẹ̀. Musō jẹ́ ẹni tí ó mọ bí a ti ń to òkúta, omi àti igi di ọgbà tí ọkàn ènìyàn lè sinmi sí. Ọgbà tí a sọ pé ó ṣe sí ẹ̀yìn ilé ìsìn náà wà níbẹ̀ títí di òní. Ìlànà Zen ni àwọn àlùfáà ibẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ìlànà yìí gbà pé jíjókòó jẹ́ẹ́ àti kíkó ọkàn ẹni níjàánu ni ọ̀nà tí ènìyàn fi ń rí òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ilé tí a kọ́ fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kò ṣe é gbé kúrò láàárín ayé. Láti ìgbà tí ogun Ōnin ti bẹ́ sílẹ̀ ní Kyoto, olú-ìlú wọn, ní 1467, apá ìjọba kò ká ilẹ̀ Jàpáànì mọ́. Olú-ọba wà lórí ìtẹ́, olórí ogun àgbà tí wọ́n ń pè ní shōgun wà, ṣùgbọ́n àṣẹ wọn kò rìn jìnnà. Olúkúlùkù olóyè agbègbè di ọba ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá lágbára gba ilẹ̀ ẹnìkejì. Ọmọ dìtẹ̀ sí baba, ìránṣẹ́ dìtẹ̀ sí ọ̀gá. Ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ tí nǹkan fi rí bẹ́ẹ̀.

Ìdílé Takeda ni ó jọba lé Kai lórí. Èyí tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ nínú wọn ni Takeda Shingen. Ní 1541 ni ó lé baba rẹ̀, Nobutora, kúrò ní ìlú, tí ó sì gba ipò rẹ̀. Ní 1547 ó gbé ìwé òfin kalẹ̀ fún agbègbè rẹ̀. Ó mọ odi sí ẹ̀gbẹ́ odò Kamanashi kí àgbàrá má baà máa ba oko àwọn àgbẹ̀ jẹ́, wọ́n sì ń fi orúkọ rẹ̀ pe odi náà títí di òní. Láàárín 1553 sí 1564, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni òun àti Uesugi Kenshin, olóyè agbègbè Echigo, pàdé lójú ogun ní Kawanakajima. Ní 1565 ó ti Yoshinobu, àkọ́bí ọmọ rẹ̀, mọ́lé lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀; ní 1567, ọmọ náà kú. Irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni Shingen: ó mọ ìlú tún ṣe, ó sì mọ ẹ̀jẹ̀ ta sílẹ̀.

Ní 1564, Shingen ránṣẹ́ pe àlùfáà àgbà kan láti agbègbè Mino. Kaisen Jōki ni orúkọ rẹ̀. Ó fi í ṣe olórí Erin-ji, ó sì sọ ilé ìsìn náà di ibi tí a ó ti máa ṣe ìsìn fún ẹ̀mí òun nígbà tí òun bá kú. Nígbà tí Shingen kú ní 1573, wọ́n fi ikú rẹ̀ pa mọ́ fún ọdún mẹ́ta kí àwọn ọ̀tá má baà mọ̀. Ní 1576 ni wọ́n tó ṣe ìsìnkú rẹ̀ ní gbangba. Erin-ji ni wọ́n ti ṣe é. Kaisen ni ó sì ṣe olórí ètò náà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, yóò di ọṣẹ. Ilé Ìsìn Igbó Oore ti di ilé ìsìn ìdílé Takeda. Ẹ jẹ́ kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún padà sórí rẹ̀.

Katsuyori, ọmọ Shingen, ni ó jogún ìṣòro tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀. Ní 1575, Oda Nobunaga àti Tokugawa Ieyasu ṣẹ́gun rẹ̀ ní Nagashino, níbi tí ìbọn ti pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn akọni rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1582, ogun Nobunaga wọ ilẹ̀ Takeda lábẹ́ ìdarí Nobutada, ọmọ rẹ̀. Ilé wó láti inú. Kiso Yoshimasa, tí ó jẹ́ àna ìdílé náà, yí sí ẹ̀yìn ọ̀tá. Anayama Nobukimi, tí òun náà jẹ́ ìbátan, ṣe bẹ́ẹ̀. Katsuyori fi iná sun ààfin tirẹ̀, ó sì forí lé ilẹ̀ ìjòyè rẹ̀ kan tí ń jẹ́ Oyamada Nobushige, ẹni tí ó ti ṣe ìlérí pé òun yóò gbà á sílé. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó dé ibẹ̀, Oyamada dí ọ̀nà mọ́ ọn. Katsuyori, aya rẹ̀ àti ọmọ rẹ̀ kú sí Tano, ní ẹsẹ̀ òkè.

Kí ni Oyamada rí gbà? Kò rí oore kankan gbà. Nígbà tí ó wá fi ara rẹ̀ hàn fún àwọn aṣẹ́gun, Nobutada ní ẹni tí ó bá lè da ọ̀gá rẹ̀ ní irú àkókò bẹ́ẹ̀ kò yẹ ní fífi sílẹ̀ láàyè. Wọ́n pa á.

Kò pẹ́ lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ kan Erin-ji. Àwọn aṣẹ́gun gbọ́ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìdílé Rokkaku sá pa mọ́ sínú ilé ìsìn náà pẹ̀lú àwọn mìíràn. Àwọn Rokkaku ni ó ń jọba ní Ōmi kí Nobunaga tó lé wọn kúrò ní 1568. Abẹ́ òjìji Takeda ni ọmọ wọn yìí wá sá sí. Àwọn àlùfáà kò fà á lé wọn lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹrin ọdún náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ka oṣù ní Jàpáànì nígbà náà, àwọn ọmọ ogun Nobutada kó àwọn tí ó wà nínú ọgbà ilé ìsìn jọ, wọ́n lé wọn gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ẹnu-bodè ńlá, wọ́n kó koríko jọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n sì sọ iná sí i. Àwọn tí ó kú lé ní 150.

Ọ̀kan nínú àwọn ìránṣẹ́ Nobunaga fúnra rẹ̀, Ōta Gyūichi, ni ó kọ ìwé tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nípa ìgbésí ayé ọ̀gá rẹ̀. Nínú ìwé náà ni ó ti sọ pé Kaisen jókòó láìmira títí iná fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn Kaisen ni ó kọ́kọ́ yìn ín. Ẹni tí ó wà ní ọ̀dọ̀ àwọn tí ó dáná ni. Àwọn ìwé tí ó jáde lẹ́yìn náà tún fi ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n kan sí Kaisen lẹ́nu, ọ̀rọ̀ tí ó ti wà ní ilẹ̀ Ṣáínà tipẹ́tipẹ́, tí kókó rẹ̀ jẹ́ pé iná kò lè gbóná mọ́ ẹni tí ó bá ti ṣẹ́gun ọkàn ara rẹ̀. Wọ́n ti kọ ọ̀rọ̀ náà sára òpó ẹnu-bodè Erin-ji lónìí, àlejò tí ó bá wọlé kò sì lè ṣàìrí i.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tẹnu àwọn tí yóò dá Kaisen lẹ́bi. Ẹjọ́ wọn kìn-ín-ní ni pé Erin-ji kì í ṣe ibi ààbò ní tòótọ́. Apá kan agbára Takeda ni. Ilẹ̀ Takeda ni ó ń jẹ, òkú Takeda ni ó ń sin, ọ̀tá Takeda ni ó ń bá ṣọ̀tá. Wọn yóò tún fi òkè Hiei ṣe àpẹẹrẹ. Ní 1570 àwọn àlùfáà orí òkè náà gba àwọn ọmọ ogun Asai àti Asakura láàyè láti pàgọ́ sí ọ̀dọ̀ wọn. Ní 1571 Nobunaga gun òkè náà, ó sun ilé ìsìn Enryaku-ji, ó sì pa tọmọdé tàgbà. Lójú rẹ̀, ilé ìsìn tí ó bá gba ọ̀tá òun ti di ibùdó ogun.

Ẹjọ́ yìí ní ìdí, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí wọ́n fẹ́ kí ó dé. Ó yàtọ̀ kí a gba ẹgbẹ́ ogun tí ń pọ́n idà sílé, ó sì yàtọ̀ kí a gba ẹni tí ogun rẹ̀ ti parí, tí ọ̀gá tí ó fẹ̀yìn tì ti kú, tí kò ní ọ̀nà mọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ń wá ibi tí yóò ti jà. Ẹnìkejì ń wá ibi tí yóò ti yè. Bí a kò bá lè mọ ìyàtọ̀ láàárín méjèèjì, kò ní í sí ibi ààbò kankan ní ayé, nítorí pé gbogbo ẹni tí ń sá ni ó ní ẹni tí ń lé e.

Ẹjọ́ wọn kejì wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n ní àwọn àlejò náà kò ju ìwọ̀nba lọ, ẹ̀mí tí ó wà ní ilé sì lé ní 150. Ta ni olóye tí kò ní í fi díẹ̀ ra púpọ̀? Níbi yìí ni ìtàn Oyamada ti wúlò. Òun náà ṣe ìṣirò. Ó lè sọ pé ilẹ̀ òun àti àwọn ènìyàn òun ni òun ń dáàbò bò, òótọ́ sì lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí ó rò pé òun fi ọ̀gá òun rà kò pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó kọ àlejò kú láti ọwọ́ Nobutada. Ẹni tí ó gba àlejò kú láti ọwọ́ Nobutada kan náà. N kò sọ pé ìṣirò kì í ṣẹ rárá. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ta àlejò rẹ̀ ti fún ọ̀tá ní ohun tí ó dájú, ohun tí òun fúnra rẹ̀ sì gbà kò dájú. Lẹ́yìn èyí, ó ti fi han ọ̀tá náà pé òun jẹ́ ẹni tí a lè rà.

Ìdí mìíràn tún wà tí ìṣirò yìí fi kù díẹ̀ káàtó. Ààbò kì í ṣe ohun ìní ẹni tí ń fúnni. Bí ó bá jẹ́ ohun ìní Kaisen ni, ó lè tà á, ó lè fi tọrẹ, ó lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi síkàáwọ́ rẹ̀ ni. Àwọn tí ó ti jókòó níbẹ̀ láti 1330 fi lé e lọ́wọ́. Àwọn tí yóò sá wá lọ́jọ́ iwájú, tí a kò tíì bí, ní ìpín nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ tí a bá fa àlejò kan jáde láti inú ilé ààbò, kì í ṣe òun nìkan ni a tà. Gbogbo àwọn tí ìbá tún wá ni a ti ilẹ̀kùn mọ́.

Títí dé ibi yìí, ọkàn mi balẹ̀ sí ẹjọ́ tí mo ń rò. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní kíláàsì, tí mo sì ń yin àlùfáà àgbà tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nínú iná, ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. Ó béèrè pé: “Sà, ṣé àwọn yòókù náà jókòó jẹ́ẹ́?”

Mo padà lọ wo ìtàn náà. Wọn kò jókòó jẹ́ẹ́. Ìwé Ōta kan náà tí ó sọ pé Kaisen kò mira ni ó sọ nípa àwọn yòókù, àgbà àti ọmọdé, títí kan àwọn ọmọkùnrin kéékèèké tí ń ṣe ìránṣẹ́ nínú ilé ìsìn. Wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń dì mọ́ ara wọn, wọ́n ń jẹ̀rora. Mo ti ka ibi yẹn tẹ́lẹ̀. Ojú mi ni ó kọjá lórí rẹ̀ láti lọ bá ẹni tí ó jókòó. Ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n wà lára òpó fún ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Fún àwọn tí ó ń ké, kò sí ọ̀rọ̀ lára òpó.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ Kaisen jẹ́ èso ọ̀pọ̀ ọdún tí ó fi kó ọkàn rẹ̀ níjàánu. Òun ni ó ṣiṣẹ́ fún un, ó sì ní ẹ̀tọ́ láti fi kú. Ṣùgbọ́n ọmọdé tí ń gbálẹ̀, tí ń pọn omi, kò tíì ní irú èso bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Àgbà lè fi ẹ̀mí tirẹ̀ lélẹ̀ nítorí àlejò. Ṣé ó lè fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ lélẹ̀? Àwọn àgbà wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tí òbí fi sí ilé ìsìn náà jẹ́ ohun tí a fi síkàáwọ́ olórí ilé ìsìn, gẹ́gẹ́ bí ààbò fúnra rẹ̀ ti jẹ́. Ní ọjọ́ náà, ohun ìfisíkàáwọ́ méjì kọlu ara wọn, kò sì sí ọ̀nà tí ènìyàn lè fi gba ọ̀kan là láìpa èkejì lára.

Kí ni a ó wá sọ? Èrò tèmi pín sí mẹ́ta.

Èkíní, ẹ̀bi ikú àwọn ọmọ náà wà lórí ẹni tí ó sọ iná sí koríko. Èyí dà bí ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀, síbẹ̀ a máa ń gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí alágbára bá sọ fún aláìlágbára pé “Yan èyí tí n óò pa,” ó ń wá ẹni tí yóò bá òun pín ẹ̀jẹ̀ náà. Bí a bá ń fi gbogbo ọjọ́ jiyàn lórí bóyá Kaisen yàn dáadáa, a ti bá Nobutada ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó dáná ni ó jó wọn.

Èkejì, kò yẹ kí á fi ẹwà ikú àgbà bo igbe ọmọdé mọ́lẹ̀. Ó tọ́ kí á bọlá fún ọkàn tí kò mì. Ṣùgbọ́n ìtàn tí ó bá kọ́ wa pé iná kò gbóná ti purọ́ fún wa. Iná gbóná. Ẹni tí ó bá fẹ́ di ilé ààbò mú gbọ́dọ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó sì máa ronú nípa àwọn tí yóò jóná kí ó tó ronú nípa ohun tí a ó sọ nípa òun.

Ẹ̀kẹta ni ó ká mi lára jù lọ. Bí Kaisen bá ní àṣìṣe kan, n kò rò pé ọjọ́ iná ni ó ṣe é. Ní ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ti bọ́. Bí àṣìṣe bá wà, ìgbà àlàáfíà ni, láàárín 1564 sí 1576, nígbà tí ewé ń di ọṣẹ díẹ̀díẹ̀, tí ilé gbogbo ènìyàn ń di ilé ìdílé kan. Ilé ààbò nílò kí àwọn ọ̀tá méjèèjì lè gbà pé kò sí lẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Ìgbàgbọ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é wá ní ọjọ́ tí ogun bá dé. Ọdọọdún ni a ń kó o jọ, nípa ẹ̀bùn tí a kọ̀, àti nípa àwọn ìsìn tí a ṣe fún tálákà bí a ti ṣe é fún olóyè. Mo mọ ohun tí a lè fi dá mi lóhùn: ta ni ìbá tún òrùlé Erin-ji ṣe bí kò bá gba ẹ̀bùn Shingen? Ní ayé ogun, ilé ìsìn tí kò ní olóyè lẹ́yìn lè wó kí àlejò kankan tó dé ibẹ̀. Òótọ́ ni. N kò ní ìdáhùn tí ó rọrùn sí i. Síbẹ̀, ó sàn kí ẹni tí ń gba ẹ̀bùn mọ iye tí ó ń san.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ṣe kókó. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn iná Erin-ji tí Akechi Mitsuhide, ìjòyè Nobunaga, fi dìtẹ̀ sí i. Inú ilé ìsìn kan ní Kyoto, Honnō-ji, ni Nobunaga kú sí, nínú iná. Nobutada náà kú ní ọjọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni yóò fẹ́ sọ pé ẹ̀san ni. N kò fẹ́ gbára lé e, nítorí pé bí Nobunaga bá kú sórí ibùsùn rẹ̀ ní arúgbó, ohun tí wọ́n ṣe ní Erin-ji ì bá burú síbẹ̀.

Ẹ̀rí mìíràn ni mo fẹ́ fi parí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ikú Nobunaga, Tokugawa Ieyasu gba Kai, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n tún Erin-ji kọ́. Ẹnu-bodè pupa kan tí wọ́n kọ́ ní 1606 ṣì dúró níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè láti wá tún ilé ìsìn náà gbé dìde ni Masshū Zuikatsu, ọmọ ẹ̀yìn Kaisen. Òun bọ́ nínú iná, ó sì sá lọ sí Nasu, ní agbègbè Shimotsuke, níbi tí ó fi ara pa mọ́ sí. Ẹni tí ń sá pa mọ́ kò lè yè láìsí ẹni tí ó gbà á sílé, tí ó fún un ní oúnjẹ, tí kò sì tú u fó. Àlejò tí ẹnìkan kò tà ni ó padà wá gbé ilé àwọn tí kò ta àlejò ró.

Ní àsìkò ìkórè, àwọn ará agbègbè Erin-ji máa ń bó èèpo èso kan tí a ń pè ní kaki, wọ́n á so ó rọ̀ sí abẹ́ òrùlé ilé wọn kí atẹ́gùn òkè lè gbẹ ẹ́. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ sí ilé ìsìn yóò rí i ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, ó pọ́n bí ẹyin iná. Yóò kọjá lábẹ́ ẹnu-bodè, yóò ka ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára òpó. Mo fẹ́ kí ó rántí ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́. Mo tún fẹ́ kí ó dúró díẹ̀, kí ó sì béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ mi béèrè.